Fífi àwọ̀ tú àṣírí àwòrán fractal: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù l'Adó-Èkìtì

Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán fractal níbí ní Adó-Èkìtì. Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu òbí wọn, àti lórí WhatsApp lóru. Mo kó wọn jọ síbí. Àwòrán Mandelbrot ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kùn kò ní ṣòro fún láti kun Julia, fractal mìíràn, àti àwọn tó kù.

Kí ni fractal?

Àwòrán tí èèyàn ń sún mọ́ tí kì í tán ni. Ẹ wo igi ìrókò: ẹ̀ka ńlá ní ẹ̀ka kékeré, ẹ̀ka kékeré náà tún ní tirẹ̀. Ti igi máa ń tán sí ibi ewé, ti fractal kò lópin. Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò, ló sọ ọ́ lórúkọ yìí ní 1975.

Èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wá láti inú ìṣirò kan tí kò gùn: ẹ mú z, ẹ sọ ọ́ di z × z, ẹ fi c kún un, ẹ tún un ṣe. Ibi òdo la ti ń bẹ̀rẹ̀. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan lójú àwòrán, ìyẹn àmì tóótó tí àwòrán fi kó jọ, ní c tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ní apá méjì: apá kan ń sọ bó ṣe wà sí òsì tàbí ọ̀tún, apá kejì ń sọ bó ṣe wà sí òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Ibo wá ni àwọ̀ ti wọlé?

Ẹ jẹ́ ká mú c = 1. Òdo di 1, 1 di 2, 2 di 5, 5 di 26, 26 di 677. Ó ti sá lọ nìyẹn. Ẹ wá mú c = −1: òdo di −1, −1 padà di òdo, títí ayé. Ìyẹn kò ní sá láéláé. Gbàrà tí z bá ti jìnnà sí àárín ju 2 lọ, kò tún ní padà wá, torí náà a lè dúró ká ka iye ìyípo tó ṣe kó tó kọjá ibẹ̀. Iye yẹn la ń fún ní àwọ̀. Èyí tí kò sá, a fi í sílẹ̀ ní dúdú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bínú díẹ̀ tí wọ́n bá ní ọ̀ṣọ́ ni àwọ̀. Àwọ̀ ni ọ̀nà tí a fi ń bi nọ́ńbà léèrè pé: kí lo ṣe, ìgbà wo lo lọ, ọ̀nà wo lo gbà? Tí ẹ bá yí ọ̀nà ìkùn padà, ìbéèrè lẹ yí padà, nọ́ńbà á sì sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀.

Tí ìṣirò bá ti parí, kí ló tún kù tó fara pamọ́?

Ó pọ̀. Nígbà tí Mandelbrot wo àwòrán yìí ní 1980 nílé iṣẹ́ IBM, dúdú àti funfun ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Ó rí ara ńlá kan àti àwọn ẹ̀rún kéékèèké tó fọ́n ká, ó sì kọ́kọ́ rò pé erékùṣù ni wọ́n, tí kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Adrien Douady àti John Hubbard ló fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Okùn ló so wọ́n, okùn tó tín-ín-rín ju píksẹ́lì lọ. Ẹ̀rọ ìgbà náà ò lè rí i. Tí ẹ bá kùn ún bó ti yẹ lónìí, fóònù lásán á fi okùn náà hàn yín.

Irinṣẹ́ wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Mi ò ní kọ̀ǹpútà ńlá.

XaoS. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Díẹ̀ lára àwọn ọ̀nà ìkùn tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, díẹ̀ lè kọ tirẹ̀ láàárín wákàtí kan, mo sì gbà á níyànjú, torí ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kì í rú u lójú.

Kí ló dé tí àwòrán mi ní ìlà-ìlà bíi bẹ́líìtì?

Torí pé iye ìyípo kì í ní ìdá. Píksẹ́lì kan sá ní ìyípo 12, aládùúgbò rẹ̀ sá ní 13, kò sí 12 àti ààbọ̀ láàárín wọn, ni àwọ̀ bá fò. Iyán tí wọn ò gún kúnná ni: ó ní kókó. Ohun tó wà lábẹ́ àwọn ìlà yẹn kì í hàn, torí ìlà ló gba ojú.

Ohun tó ń tú kókó náà ni pé kí ẹ wo bí z ṣe jìnnà tó nígbà tó kọjá ààlà. Èyí tó kàn yọ orí kọjá àti èyí tó fò kọjá fìrì kò yẹ kó gba àwọ̀ kan náà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: n + 1 − log₂(ln|z|), níbi tí n ti jẹ́ iye ìyípo, tí |z| jẹ́ bí z ṣe jìnnà sí òdo tó, tí log₂ àti ln sì jẹ́ oríṣi logarithm méjì.

Ẹ fi c = 1 tòkè yẹn dán an wò. Tí a bá dúró níbi 5, tí n jẹ́ 3, a máa rí 3.313. Tí a bá ní sùúrù dé 26, n di 4, ìdáhùn di 3.296. Ní 677, n di 5, 3.296 náà ni. Ó ti jókòó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fi ààlà ìsálọ sí 2 tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ yọ́ wọnú ara wọn. Ẹ gbé e lọ sí 256 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyípo mélòó kan péré ló máa fi kún iṣẹ́, kókó á sì tú.

Mo sún mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ wá di dúdú. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Rárá. Ẹ ò dúró pẹ́ tó ni. Kọ̀ǹpútà ò lè ka ìyípo títí láé, a ní láti sọ ibi tó máa dúró fún un, bíi 250. Èyí tí kò bá tíì sá ní ìgbà 250, ó máa kùn ún ní dúdú bíi ti inú, bẹ́ẹ̀ ìta ló wà.

Ibi tí mo fi ń hàn wọ́n ni 0.25, níbi ihò etí ọ̀tún ara ńlá tó dà bí ọkàn yẹn. Tí ẹ bá kúrò níbẹ̀ sí ọ̀tún pẹ̀lú 0.01, ìyípo 30 ló máa gbà kó tó sá. Pẹ̀lú 0.0001, ó di 312. Pẹ̀lú 0.000001, ó di 3140. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn dáadáa: pi ló ń yọjú, ìyẹn 3.14159 tí a fi ń wọn òbìríkítí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é fúnra mi, mo dìde lórí àga. Tí òpin yín bá jẹ́ 250, 0.2501 á dúdú, ẹ ò sì ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Torí náà, bí ẹ ṣe ń wọlé lọ, ẹ máa gbé òpin ìyípo sókè. Tí dúdú bá dínkù, ẹ tún gbé e. Tí kò bá dínkù mọ́, ó tó.

Àwọ̀ wo ni kí n yàn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá òṣùmàrè. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyeyè inú òṣùmàrè mọ́lẹ̀ ju gbogbo àwọ̀ tó yí i ká lọ, torí náà ó máa ń dá ìlà sílẹ̀ níbi tí kò sí ìlà kankan.

Ojú wa tètè ń rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé lọ, pàápàá níbi tí nǹkan ti kéré. Èdè wa mọ èyí. Funfun, dúdú àti pupa la fi ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà la wá ní funfun báláú, pupa fòò, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú kirikiri. Báwọn ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó làwọn ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí to àtẹ àwọ̀ rẹ̀ láti dúdú kirikiri dé funfun báláú kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Tí àtẹ bá ti dé funfun, ẹ tún jẹ́ kó padà díẹ̀díẹ̀ sí dúdú, kí àwọ̀ tó gbẹ̀yìn lè bá ti àkọ́kọ́ mu, kí àtẹ náà lè yípo láìsí ojú rírán. Tí ẹ bá parí, ẹ sọ àwòrán di dúdú-àti-funfun lórí fóònù. Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ká rí bá ti pòórá, àtẹ yẹn ò dáa.

Gbogbo àwọ̀ mi kóra jọ sí etí, ibi tó kù dà bíi pé wọ́n fi ọ̀dà kan ṣoṣo kùn ún.

Píksẹ́lì tó ń tètè sá ló pọ̀ jù, èyí tó ń pẹ́ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pẹ́ ni iṣẹ́ ọnà wà. Tí ẹ bá pín àwọ̀ dọ́gba láti 0 dé 3000, èyí tó wà láàárín 5 sí 20 á gba àwọ̀ kan náà.

Ọ̀nà kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ka iye píksẹ́lì tó ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n láti kékeré sí ńlá, kí ẹ wá pín àwọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ipò wọn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba ilẹ̀ tó dọ́gba. Fún àwòrán kan ṣoṣo, kò sí ohun tó dùn tó o. Fún fídíò, kò dáa: bí ẹ ṣe ń sún mọ́, iye á máa yí padà, àwọ̀ á wá máa ṣẹ́jú. Fún fídíò, ẹ fi log iye ìyípo kùn ún.

Báwo ni mo ṣe lè rí àwọn okùn tín-ín-rín náà?

Ẹ bi píksẹ́lì pé: báwo lo ṣe jìnnà sí etí Mandelbrot tó? Èyí ni ọ̀nà tí mo nífẹ̀ẹ́ jù nínú gbogbo wọn.

Bí z ṣe ń yípo, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà kejì máa bá a rìn, ẹ pè é ní z′. Ó bẹ̀rẹ̀ ní òdo. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe 2·z·z′ + 1 kí ẹ tó yí z fúnra rẹ̀ padà. Tó bá ti sá, ẹ ṣe 2·|z|·ln|z| ÷ |z′|. Ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n jíjìnnà náà. Kò péye pátápátá, ṣùgbọ́n nítòsí etí náà, ó ní ẹ̀jẹ́ kan: kò sí ibi kankan nínú Mandelbrot tó sún mọ́ píksẹ́lì yẹn ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi ìwọ̀n yìí wé fífẹ̀ píksẹ́lì kan. Tó bá kéré sí i, ẹ kùn ún ní dúdú. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, funfun. Okùn tó tín-ín-rín ju píksẹ́lì lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún á jáde kedere, torí a ò nílò kí píksẹ́lì bọ́ sórí rẹ̀ gan-an. Kó ṣáà kọjá nítòsí rẹ̀. Ẹ lọ wo àyíká −0.745 + 0.11i (i ló ń fi apá òkè-àti-ìsàlẹ̀ hàn), níbi àfonífojì tí ìlà-ìlà rẹ̀ ká bí ìrù ẹṣin-òkun. Ohun tó dà bí èéfín nínú àwòrán àtijọ́ á wá di gbòǹgbò tó fà láti ìrù kan dé ìkejì.

Kí ni wọ́n ń pè ní tàkúté?

Àwọn ọ̀nà tòkè ń wo ibi tí z parí sí. Tàkúté ń wo ọ̀nà tó gbà. Ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà: ẹ̀kán, òbìríkítí, tàbí ìlà méjì tó dábùú ara wọn ní àárín. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bí z ṣe sún mọ́ nǹkan yẹn tó, kí ẹ tọ́jú èyí tó sún mọ́ jù. Òun lẹ máa kùn.

Clifford Pickover ló mú kí ti ìlà méjì gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Igi pẹ́ẹ́rẹ́-pẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń jáde, tí wọ́n so mọ́ ara wọn bí ìtàkùn. Kókó ibẹ̀ ni pé ìrísí tàkúté yín á fara hàn káàkiri àwòrán, ní títóbi, ní kíkéré, ní yíyí. Ẹ lè fi àwòrán ewé pàápàá ṣe tàkúté. Ẹ má kàn sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú Mandelbrot lẹ ti bá ewé.

Ṣé nǹkan wà nínú dúdú àárín yẹn?

Ó wà, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò ó rí. Èyí tí kò sá ń ṣe nǹkan: ó ń yípo láàárín ibi mélòó kan. Ní −1, ibi méjì ni. Gbogbo òbìríkítí òsì tí àárín rẹ̀ jẹ́ −1, tí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.25, onímejì ni wọ́n. Èyí tó wà lórí ara ńlá, onímẹ́ta. Ẹ fún oníye kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, dúdú á di ìlú tó ní àdúgbò.

Ọ̀nà kejì rọrùn jù: ẹ tọ́jú ìgbà tí z sún mọ́ òdo jù (ẹ má ka òdo tí a fi bẹ̀rẹ̀). Ní àárín kọ̀ọ̀kan, òdo wà lára ibi tí z ń padà sí, torí náà ojú kan á ṣí níbẹ̀, títí dé àwọn tó kéré bí eruku.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú kó dà bí igi tí wọ́n gbẹ́?

Ẹ gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo òkè Olósùnta: òkúta pẹrẹsẹ ni. Ẹ tún wò ó ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbogbo ibi tí òjò ti wa ilà sí i lára ló ń hàn. Òkúta náà ò yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló gba ẹ̀gbẹ́ wá.

Bẹ́ẹ̀ náà là ń ṣe síbí. Ẹ fi z′ tó bá a rìn pín z, ẹ máa mọ apá ibi tí píksẹ́lì yẹn kọjú sí. Ẹ fi iná kan sí apá òsì lókè. Èyí tó kọjú sí iná mọ́lẹ̀, èyí tó kẹ̀yìn sí i ṣókùnkùn. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí wọ́n gbé lọ pàtẹ ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum di òní, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé àwọn èèyàn ara rẹ̀ jáde. Mo máa ń fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí n tó kọ́ wọn ní èyí, wọn kì í sì í gbàgbé.

Mo rí àwòrán kan tó ní fọ́nrán bí òwú hunhun. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo igun tí z wà sí àárín, wọ́n fi sine (ìṣirò igun tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì) ìlọ́po igun yẹn ṣe ìṣirò, ní ìparí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi iye ìyípo pín in. Ìlọ́po tó pọ̀, fọ́nrán tó pọ̀. Ẹ fi ìdá tí a rí níbi ìṣòro bẹ́líìtì so ìyípo kan mọ́ èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òwú á já.

Etí àwòrán mi dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i.

Píksẹ́lì kan ń gba ìdáhùn ẹnì kan ṣoṣo níbi tí ẹgbẹ̀rún ń sọ̀rọ̀. Ẹ bi ojú mẹ́rin tàbí mẹ́sàn-án nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ da àwọ̀ wọn pọ̀. Iṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin tàbí mẹ́sàn-án. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú tó dáa tó o.

Iná lọ kí àwòrán mi tó parí. Kí ni kí n ṣe?

Mo ti sunkún lórí èyí. Wákàtí mọ́kànlá ni ẹ̀rọ mi ti ń ṣiṣẹ́, iná lọ lówùúrọ̀, epo sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ìṣirò àti ìkùn wà pa pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lórí dísíkì ní ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń parí: iye ìyípo, z tó gbẹ̀yìn, z′. Tí iná bá lọ, ìlà tó kù nìkan lẹ máa tún ṣe. Àwòrán 4000 lọ́nà 4000 jẹ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 16. Báìtì mẹ́rin fún nọ́ńbà kan jẹ́ MB 64 péré. Èrè kejì ju ti iná lọ: tí nọ́ńbà bá ti wà nílẹ̀, ẹ lè fi ogún àtẹ àwọ̀ dán an wò láàárín ìṣẹ́jú kan, láì tún ṣírò ohunkóhun.

Ó rẹwà lórí fóònù, ó wá rẹ̀ nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde.

Fóònù ń tan ìmọ́lẹ̀, yíǹkì ń gbé e mì. Búlúù àti àwọ̀ ewé tó ń dán ló máa ń kú jù. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ègé kékeré jáde, kí ẹ tún àtẹ ṣe, kí ẹ tó sanwó èyí ńlá.

Mo wọlé jìnnà gan-an, àwòrán wá di bíríkì.

Ìkùn kankan ò lè gbà yín níbẹ̀, nọ́ńbà ló ti tán. Nọ́ńbà kékeré tí ọ̀pọ̀ káàdì àwòrán ń lò ń gba bíi díjítì 7, èyí tó tóbi ń gba bíi 16. Tí fífẹ̀ àwòrán bá ti lọ sí nǹkan bíi 10⁻¹³, píksẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á máa ní c kan náà. Ní 2013, K. I. Martin ṣàlàyé ọ̀nà àbáyọ tí gbogbo èèyàn ń lò báyìí: ẹ ṣírò ọ̀nà píksẹ́lì kan ṣoṣo pẹ̀lú díjítì gígùn, kí ẹ wá ṣírò bí àwọn yòókù ṣe yàtọ̀ sí i nìkan. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, nọ́ńbà lásán sì lè gbé e.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tí mo rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé kì í ṣe ọ̀nà ìkùn mi ló dá a sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló wù mí kí wọ́n máa bi mí jù. Ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan: ààlà ìsálọ, òpin ìyípo, iye píksẹ́lì, àtẹ àwọ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti Mandelbrot kò ní kúrò lójú kan. Ohun tó bá jẹ́ ti ìkùn á sún, á wú, tàbí á pòórá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan rí òrùka tó yí Mandelbrot kékeré kan, ìyẹn ẹ̀dà kékeré tó wà nínú ti ńlá, ká, ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ. A gbé ààlà ìsálọ láti 2 lọ sí 1000. Òrùka náà sún kúrò níbi tó wà. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Mo ní kó fi ìwọ̀n jíjìnnà kun ibẹ̀ kan náà, a sì dúró. Okùn méjì jáde lára Mandelbrot kékeré náà, ọ̀kan sí òsì, ọ̀kan sí ọ̀tún. A yí ààlà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọn ò sún. Ó ti fi orúkọ òrùka náà sọ wọ́n.